Ìkùukùu bo orí òkè, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fò, èmi fi ẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀: ṣé mo ṣe é dáadáa?

Adùnní_Ìyẹ́Pupa

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo mọ̀ pé àwọn tó ti pẹ́ nídìí paragliding, ìyẹn fífi ìyẹ́ aṣọ fò láti orí òkè, wà níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, torí láti àná ni kò ti jẹ́ kí n rí oorun sùn.

Oṣù márùn-ún sẹ́yìn ni mo gba ìwé àṣẹ mi. Ìgbà 34 péré ni mo ti fò, ojú ọ̀run tó mọ́ gaara ni gbogbo rẹ̀, olùkọ́ mi sì ń bá mi sọ̀rọ̀ lórí rédíò ní gbogbo ìgbà. Ìrìn àjò yìí ni àkọ́kọ́ tí mo máa bá àwọn ẹlòmíràn lọ láìsí olùkọ́. Àwa méje ni, ọjọ́ mẹ́rin la fẹ́ lò láàárín àwọn òkè. Ibi ìgbéra wà ní mítà 1,750, ibi ìbalẹ̀ wà nínú àfonífojì ní mítà 700.

Àná ni ọjọ́ kìíní. Nígbà tí a fi máa gun òkè dé ibi ìgbéra ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, ìkùukùu ti dì mọ́ ṣóńṣó òkè lẹ́yìn wa. Kì í ṣe pé ó bo gbogbo ojú ọ̀run o. Ó ń wá, ó ń lọ. Nígbà mìíràn a máa rí ibi ìbalẹ̀ kedere, títí dórí àpò aṣọ pupa tó ń júwe ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Kí èèyàn tó ka oókan dé ọgọ́rùn-ún, funfun á ti gun ẹ̀gbẹ́ òkè wá láti ìsàlẹ̀, o kò ní rí nǹkan kan mọ́ ju koríko iwájú ẹsẹ̀ rẹ lọ. Afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ kò le, iwájú ló ti ń fẹ́ bọ̀, bó ṣe yẹ kó rí.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń dúró de àlàfo. Bí àlàfo bá ti là báyìí, ẹnì kan á sáré, á gbéra. Ẹni mẹ́rin lọ bẹ́ẹ̀. Ti ẹni kẹrin yẹn ni kò kúrò lójú mi. Ó gbéra, ó yà sápá òsì, afẹ́fẹ́ kan gbé e sókè, ó sì wọnú funfun lọ tìyẹ́tìyẹ́. A kò rí i mọ́. Mo ń gbọ́ vario rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń ké bí èèyàn bá ń ròkè, tó ń dún pí-pí-pí, n kò sì mọ ibi tí ìró náà ti ń wá, ó dà bíi pé ó yí wa ká. Ó tó ìṣẹ́jú méjì kó tó yọ níwájú lọ́hùn-ún. Ó ń pariwo ayọ̀.

Nígbà tó kàn mí, mo ti wọ ìjókòó mi, mo ti de gbogbo rẹ̀, okùn iwájú ti wà lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo tú gbogbo rẹ̀, mo ká ìyẹ́ mi, mo gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, mo fi ẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Wákàtí méjì àbọ̀ ni mo fi rìn. Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó fò sọ fún mi pé: "Tó bá jẹ́ báyìí lo ṣe máa máa ṣe, o ò ní fò láyé yìí. Ìkùukùu kì í pa èèyàn."

Ṣé òótọ́ ni? Irú ìkùukùu wo ni èèyàn lè fò lábẹ́ rẹ̀, irú wo ló yẹ ká sá fún? Ọjọ́ méjì ló kù, àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ sì ní ìkùukùu ni gbogbo rẹ̀.

Àṣá_Àgbà

Adùnní, àbúrò mi, o kú ìrìn, o sì kú ewu. Ọdún kẹrìndínlógún rèé tí mo ti ń fò, mo sì ti kọ́ àwọn èèyàn fún mẹ́sàn-án nínú rẹ̀. N kò tíì rí ẹni tí mo lọ kí nílé ìwòsàn torí pé ó fi ẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti ibi ìgbéra. Ti àwọn tó fò, mo ti lọ kí wọn.

Ẹni tó ní ìkùukùu kì í pa èèyàn ń ronú nípa omi. Omi inú rẹ̀ kò pani lóòótọ́. Àmọ́ láàárín òkè, òkúta wà nínú ìkùukùu, o kò sì ní rí i títí yóò fi kàn ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tó ń ròkè tó dá ìkùukùu náà sílẹ̀, òun kan náà ló máa ń fa èèyàn wọnú rẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ tèmi, n kì í sábà sọ ọ́. Ọdún kẹrin tí mo bẹ̀rẹ̀ ni. Mo ti fò ju ìgbà 300 lọ, ọkàn mi sì ti balẹ̀ jù. Ìsàlẹ̀ ìkùukùu wà ní mítà 2,600 lọ́jọ́ náà, wọ́n funfun bí òwú, abẹ́ wọn tẹ́jú, wọ́n dùn ún wò. Mo ń yí po lábẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ó ń gbé mi sókè ní mítà 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn mẹ́ta tí a jọ wà níbẹ̀ ti kọrí síta, wọ́n ti ń lọ sí etí ìkùukùu. Mo rí wọn. Mo ní kí n yí ẹ̀ẹ̀kan sí i.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ìkùukùu yẹn ti ga ju bó ṣe fẹ̀ lọ. Ẹni tó wà lábẹ́ kì í rí orí rẹ̀, ìsàlẹ̀ tó ń dúdú sí i nìkan ló máa rí. Mítà 2 di 4, 4 di 7. Mo dáwọ́ yíyí dúró, mo kọjú síta, mo ká etí ìyẹ́ mi méjèèjì wọlé, mo fi ẹsẹ̀ tẹ ọ̀pá eré, èyí tó ń mú ìyẹ́ yára sí i, dé ìdí. Ohun tó yẹ kó gbé èèyàn sọ̀ kalẹ̀ kíákíá nìyẹn. Síbẹ̀, mo ṣì ń lọ sókè ní mítà 3. Funfun bò mí.

Àwọn tí kò tíì wọ ibẹ̀ rí rò pé bíi kùrukùru àárọ̀ ló ṣe máa rí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyẹ́ rẹ wà ní nǹkan bíi mítà 7 lókè orí rẹ, o kò rí i. Okùn rẹ gùn lọ sókè tó bí ìnà apá méjì, ó wá dópin nínú funfun bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀bẹ gé e. Omi ń kó jọ sára okùn wọ̀nyẹn. Ẹ̀kán kan á yọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lára okùn pupa, á dúró níbi kókó, á wú, á wá já bọ́ sí mi lórí àtàǹpàkò. Ẹ̀kán omi yẹn ni mo ń wò, torí kò sí ohun mìíràn tí ojú mi lè rí dì mú. Gbogbo ara mi ń sọ fún mi pé tààrà ni mò ń lọ. Nígbà tí mo wo GPS, mo rí i pé mo ti yí padà pátápátá, òkè ni mo dorí kọ. Inú etí wa ni ohun tó ń jẹ́ ká mọ ibi tí ara wa yí sí wà, bí ojú kò bá sì ràn án lọ́wọ́, irọ́ gbáà ló máa ń pa fún wa.

Ohun kan ṣoṣo ló kó mi yọ. Kí n tó wọnú rẹ̀, mo ti wo ibi tí kò sí òkè: apá gúúsù, nọ́ńbà 190 lórí ẹ̀rọ tó ń júwe ọ̀nà. Mo yí i padà sí 190, n kò sì gbójú kúrò lára nọ́ńbà yẹn mọ́. Bó bá di 200 mo fa ọwọ́ kan díẹ̀, bó bá di 180 mo fa èkejì. Ìṣẹ́jú mẹ́rin. Nígbà tí mo yọ láti ẹ̀gbẹ́ ìkùukùu náà, ògiri òkúta wà lápá òsì mi, ó sún mọ́ mi débi pé mo rí àwọn ìlà inú rẹ̀ àti koríko tó hù láàárín wọn. Oṣù méjì ni n kò fi fò lẹ́yìn ọjọ́ náà.

Tèmi sì kéré o. Ní oṣù kejì ọdún 2007, àwọn páílọ́ọ̀tì ń gbára dì fún ìdíje àgbáyé ní Manilla, ní ilẹ̀ Ọsirélíà. Ìkùukùu òjò ńlá fa Ewa Wiśnierska, tó ń fò fún Jámánì, sókè títí dé mítà 9,946. Òkè tó ga jù láyé kò tó bẹ́ẹ̀. Ó dákú lókè níbẹ̀, yìnyín bo ara rẹ̀, ó wá sọjí nígbà tí ìyẹ́ rẹ̀ ti ń gbé e bọ̀ nísàlẹ̀, ó sì balẹ̀ láàyè. Ọjọ́ kan náà ni ìkùukùu òjò yẹn gbé He Zhongpin ará Ṣáínà, òun kò sì bọ̀ láàyè. Kì í ṣe ọmọ ẹ̀kọ́ ni àwọn méjèèjì. Wọ́n mọṣẹ́ jù mí lọ, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá ọ sọ̀rọ̀ lánàá mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó yá, ìbéèrè rẹ. Èmi kì í béèrè bóyá ìkùukùu wà. Mo máa ń béèrè ohun tó ń ṣe.

Ti àná yẹn, tó ń gun ẹ̀gbẹ́ òkè wá láti ìsàlẹ̀, tó ń ṣí tó ń pa dé, òun ló burú jù fún ẹni tó ti fò ní ìgbà 34. Afẹ́fẹ́ tútù tó kún fún omi ló ń gun òkè, bó ṣe ń gùn ló ń di ìkùukùu. Kò sí ẹni tó lè sọ ìgbà tí àlàfo máa pa dé. O lè fi ojú rẹ rí ibi ìbalẹ̀ nígbà tó o bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, kó o tó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀, ó ti tán. Iwájú rẹ funfun, òkè sì wà lẹ́yìn rẹ, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Nígbà tí mo bá ń kọ́ èèyàn, bí ìkùukùu bá ti kan ibi ìgbéra lẹ́ẹ̀kan, a jókòó. Bó bá lọ fún wákàtí kan gbáko tí kò padà, a tún lè sọ̀rọ̀.

Èyí tó tẹ́ bí aṣọ lókè réré, tó ga ju gbogbo ṣóńṣó òkè lọ, tó fi bo oòrùn, má bẹ̀rù rẹ̀. Ó máa ń dára fún ẹni tuntun. Oòrùn kò rí ilẹ̀ yá, afẹ́fẹ́ gbígbóná kò ròkè, ìyẹ́ rẹ á dúró jẹ́ẹ́. Wàá kàn rọra sọ̀ ni. Láti 1,750 sí 700 jẹ́ mítà 1,050. Ìyẹ́ ẹni tuntun máa ń sọ̀ ní bíi mítà 1.2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà wàá wà lókè fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 14 àbọ̀.

Àwọn tó dà bí òwú, tí wọ́n kéré, tí ojú ọ̀run aláwọ̀ aró wà láàárín wọn, ibẹ̀ ni a ti ń fò jìnnà. Àmọ́ máa wò wọ́n láti àárọ̀. Bó bá di aago méjìlá tí orí wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ru sókè bí ìfófòó ọṣẹ, tí gíga wọn ju fífẹ̀ wọn lọ, ọjọ́ ti parí fún ọ. Má dúró kí o gbọ́ àrá. Ìkùukùu òjò ńlá lè rán ìjì síwájú tó kìlómítà 20, oòrùn lè máa ràn lórí rẹ nígbà tó bá dé bá ọ. Ìyẹ́ wa kì í sáré ju bíi kìlómítà 38 ní wákàtí kan lọ tí a kò bá tẹ ọ̀pá eré. Bí ìjì bá fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀yìn ni wàá máa lọ.

Bó o bá sì rí ìkùukùu tó tẹ́ tó yọ̀ bí àwo, tó dúró sójú kan lókè òkè bí ẹni pé wọ́n so ó mọ́ ibẹ̀, afẹ́fẹ́ tó le gan-an ló ń kọjá nínú rẹ̀. Gbé àpò rẹ, kó o máa bọ̀ nísàlẹ̀.

Títílọlá_B

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Èmi kì í ṣe páílọ́ọ̀tì, èrò tí wọ́n ń so mọ́ iwájú páílọ́ọ̀tì ni mí. Lọ́dún tó kọjá mo lọ fún fífò ẹlẹ́ni méjì, a ti wọ gbogbo nǹkan, akoto ti wà lórí mi, ni páílọ́ọ̀tì bá wo òkè, ó ní a kò lọ mọ́. Inú bí mi gan-an. Lójú mi, ìkùukùu díẹ̀ ni. Mo sọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí n sọ sí i. Kò dá mi lóhùn, ó kàn ń tú ìdè àyà mi, ó ní, "Ẹ dákẹ́, ẹ gbọ́." Nígbà tí mo dákẹ́, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ní ohun tó ń bà òun lẹ́rù gan-an nìyẹn, pé afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láti àárọ̀ ti kú lójijì. Kò tó ìṣẹ́jú 20 lẹ́yìn náà tí ìjì fi dé láti apá kejì, koríko gbogbo dojú bolẹ̀.

Ohun tí mo kà lókè yìí ló jẹ́ kí n mọ ohun tó rí lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè kan: bí páílọ́ọ̀tì bá ní ká lọ, tí èmi èrò sì rí i pé ìkùukùu ti sún mọ́ jù, ṣé mo lè ní mi ò lọ?

Ọmọ_Atẹ́gùn

Mo bọ̀wọ̀ fún Àṣá_Àgbà, mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ nǹkan lára yín, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ apá tèmi, kí Adùnní má baà rò pé ìkùukùu ni ọ̀tá.

Èmi ń fò láti abẹ́ ìkùukùu kan sí òmíràn. Ọ̀nà tí mo fi lọ kìlómítà 80 lọ́dún yìí nìyẹn. Afẹ́fẹ́ gbígbóná kò ṣeé fojú rí. Ìkùukùu ló ń júwe ibi tó wà fún wa. Lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́ láìní ìkùukùu kan, bí afọ́jú ni mo ṣe ń wá a kiri. Ẹni tó bá ń sá fún gbogbo ìkùukùu, abẹ́ ibi ìgbéra ni yóò máa balẹ̀ sí títí ayé.

Bákan náà, ìbẹ̀rù tún léwu. Mo ti rí ẹni tó gbéra pẹ̀lú ìbẹ̀rù, ó fa bírékì méjèèjì jù, ìyẹ́ rẹ̀ kò ní eré tó mọ́, ó ṣubú sínú igi. Mo fẹ́ kí Adùnní padà sókè lọ́la, kó sì fò bí ọjọ́ bá dára.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé mo máa ń gba inú etí ìkùukùu kọjá nígbà mìíràn, ibi tó ti fẹ́lẹ́ bí èéfín. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo ti yọ. N kò rí ewu kankan níbẹ̀ rí.

Àṣá_Àgbà

Títílọlá, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ lè sọ pé ẹ kò lọ títí di ìgbà tí ẹsẹ̀ yín bá ṣì wà nílẹ̀ tí ẹ kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn tó ṣe kedere. Tí ẹ bá ti ń sáré, ẹ máa sáré lọ ni, ẹ má jókòó, ẹ má dúró, torí ààbọ̀ ìgbéra ló ń ṣẹ́ èèyàn lẹ́sẹ̀. Páílọ́ọ̀tì yín yẹn mọṣẹ́. Bí ẹ bá tún rí i, ẹ bá mi kí i.

Ọmọ_Atẹ́gùn, o kò parọ́. Ìkùukùu ló ń júwe ọ̀nà, èmi náà ń tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù tó o sọ yẹn, mo gbà á pátápátá. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n kò gbọdọ̀ gbéra, ojú ọ̀run ì báà mọ́ bíi dígí.

Ti inú etí ìkùukùu yẹn ni n kò lè gbà pẹ̀lú rẹ, àbúrò. Kì í ṣe ìwọ nìkan ló wà lókè. Bó o bá wọ ibẹ̀, tí ẹlòmíràn náà wọ ibẹ̀ láti apá kejì, kò sí ẹni tó máa rí ẹnì kejì rẹ̀. Ọkọ̀ òfúrufú kékeré àti hẹlikọ́pítà náà ń kọjá láàárín òkè. Òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kò fàyè gba ẹni tó ń fi ojú tọ́ ọ̀nà láti wọ inú ìkùukùu rárá, wọ́n tún sọ bí a ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí i tó. Ìyẹ́ tó bá sì gba omi wúwo, ó lè dẹ́kun lílọ síwájú, kó máa já bọ́ tààrà bíi párásúùtì, pàápàá bí èèyàn bá fa bírékì jù tàbí tó ká etí rẹ̀ wọlé. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ mi pé kí wọ́n má fi ìyẹ́ tútù ṣeré. Jọ̀ọ́, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn, fi í sílẹ̀. Mo ń bẹ̀ ọ́ ni.

Adùnní, mo fẹ́ fún ọ ní ohun kan tó o lè lò lọ́la kó o tó gun òkè. Lọ sí ibi ìbalẹ̀ ní àárọ̀. Nínú àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ wàá rí nọ́ńbà méjì: ìwọ̀n ooru, àti ìwọ̀n tí ìrì ti máa ń sẹ̀. Yọ kékeré kúrò nínú ńlá, fi 125 sọ ọ́ di púpọ̀. Bí ìsàlẹ̀ ìkùukùu ṣe ga sókè tó láti ibi tó o dúró sí nìyẹn, ní mítà. Kò péye tán, ìkùukùu tí afẹ́fẹ́ láti ilẹ̀ dá sílẹ̀ ló sì wà fún, kì í ṣe èyí tó tẹ́ lókè réré. Ṣùgbọ́n ó ti gbà mí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìrìn òfo.

Ká ní ooru jẹ́ 18, ìrì jẹ́ 10. Ó ku 8. Ìlọ́po 125 jẹ́ 1,000. Fi 700 kún un, ó di 1,700. Ibi ìgbéra rẹ wà ní 1,750. Ṣé o rí i? Ìkùukùu ti jókòó dè ọ́ níbẹ̀ kó o tó gbé àpò. Bá mi wo nọ́ńbà ti àná bóyá o ṣì lè rí i.

Adùnní_Ìyẹ́Pupa

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an. Mo padà lọ wo ti ọjọ́ kìíní: 17 àti 9. Ó ku 8. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí bí ẹ ṣe sọ, mo jókòó sórí ibùsùn, mo ṣe ìṣirò yẹn lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọjọ́ kejì, òjò láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Kò sẹ́ni tó jáde.

Lónìí tí í ṣe ọjọ́ kẹta, mo jí ní aago mẹ́fà. 21 ni wọ́n ní ooru máa jẹ́, ìrì jẹ́ 7. 14. Ìlọ́po 125 jẹ́ 1,750, mo fi 700 kún un, 2,450. Mítà 700 gbáko lókè orí ibi ìgbéra. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn ọwọ́ mi. Nígbà tí a dé òkè, ìkùukùu kan tó fẹ́lẹ́ tẹ́ lókè réré, oòrùn ń hàn nínú rẹ̀ bí àtùpà tí wọ́n fi aṣọ bò. Gbogbo ṣóńṣó òkè ló hàn. Mo jókòó fún odindi wákàtí kan lórí àpò mi, mo ń wò. Kò sí nǹkan kan tó gun òkè wá. Ẹni tó sọ̀rọ̀ sí mi lọ́jọ́sí béèrè ohun tí mò ń dúró dè, mo ní àkókò ni mò ń kà. Kò tún sọ nǹkan kan.

Mo gbéra ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n. Mo sáré ìgbésẹ̀ mẹ́fà, mo mọ̀ torí mo ń kà á, ìkeje kò bá ilẹ̀ mọ́. Afẹ́fẹ́ dákẹ́ débi pé ìró okùn mi nìkan ni mò ń gbọ́, wín-ín-wín-ín kékeré. Vario kò ké lẹ́ẹ̀kan. Mo rí òjìji ara mi tó ń rìn lórí igbó nísàlẹ̀, kò dúdú, ó rí bàìbàì torí oòrùn kò mú. Mo tẹ̀ lé e títí ó fi ń tóbi sí i, tó wá ń sáré bọ̀ wá pàdé mi lórí pápá. Ìṣẹ́jú 15. Mo balẹ̀ lórí ẹsẹ̀ mi méjèèjì.

Àwọn méjì nínú wa tún padà gòkè ní ọ̀sán, wọ́n ní ká jọ lọ. Mo wo òkè, orí àwọn ìkùukùu ti ń ru bí ìfófòó tí ẹ sọ yẹn. Mo ní ó tó.

Ìbéèrè mi kan ló kù. Koríko ibi ìgbéra tutù, òjò àná ṣì wà lára rẹ̀, ìyẹ́ mi sì fa omi sí etí ẹ̀yìn. Mo ti ká a sínú àpò kí n tó rántí. Ṣé kí n nà án sínú oòrùn lọ́la àárọ̀?

Àṣá_Àgbà

Inú mi dùn débi pé mo ka tìrẹ yìí sókè fún ìyàwó mi.

Má nà án sínú oòrùn, oòrùn ló ń jẹ aṣọ yẹn jù. Má sì dúró di àárọ̀. Tú u nísinsìnyí, bó bá jẹ́ inú yàrá náà ni, ta á sórí àga méjì kó wà gbẹdẹgbẹdẹ, ṣí fèrèsé. Gbé ìpẹ̀kun ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan sókè, omi máa ń sá pamọ́ síbẹ̀. Wàá rí i tó máa ń ṣàn sínú ibi tí wọ́n ti rán aṣọ náà. Wo inú rẹ̀ dáadáa kó o tó tún ká a, kòkòrò máa ń wọlé láti orí koríko tútù.